Góòlù ọmọ Ìlọrin tó ba ọjà ayọ̀ jẹ́ l'Ọ̀fà Garage

Báàgì Ghana-must-go kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nílé. Tíṣáàtì pupa 41 ló wà nínú rẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni tíì wọ̀ rí. Ohun tí wọ́n fi ọ̀dà funfun tẹ̀ sí àyà wọn ni "Arsenal, Champions 2023". Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín ní kúkúrú: Arsenal kò gba ife líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà.

Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin oníṣòwò. Bí ẹ bá yẹ inú ṣọ́ọ̀bù tiyín wò dáadáa, ẹ ó rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹ rà nítorí ayọ̀ tí kò dé. Ó lè jẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tó forí ṣánpọ́n, ó lè jẹ́ fìlà tí wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú tí kò wọlé sí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọjà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ borí kí tiwa tó tà ni. Mo fi owó ara mi kọ́ ọ, ní Ọ̀fà Garage, n'Ìlọrin níbí.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀fà Garage mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀fà àti Ajásẹ́-Ipò nìkan. Ibi tí mọ́tò bá ti ń kó èrò, ọjà ni. Oníbúrẹ́dì á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀, oníkáàdì fóònù á jókòó sábẹ́ agboòrùn, mẹkáníìkì á na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ta jẹ́sì bọ́ọ̀lù á sì fi hángà kọ́ ọjà wọn sókè kí awakọ̀ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá di ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á kún fọ́fọ́, ẹni tí kò bá rí ìjókòó á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa na ọrùn wo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti pààrọ̀ owó náírà, tuntun kò kárí, àwọn èèyàn kò sì fẹ́ gba àtijọ́ mọ́. Ẹni tó ní ọjà kò rí ẹni tó ní owó lọ́wọ́. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá ẹjọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré ti jẹ ojú owó wọn. Ìdìbò ààrẹ wáyé lọ́jọ́ 25 oṣù kejì, ti gómìnà wáyé lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta, ọjà kò sì dá ṣáṣá ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, owó ti ń padà sọ́wọ́ àwọn èèyàn, ebi èrè sì ń pa gbogbo wa.

Ìgbà yẹn gan-an ni Arsenal wá ń dán bíi góòlù. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, wọ́n na Leeds ní góòlù 4 sí 1. Wọ́n ti ní póìǹtì 72 nínú ìdíje 29. Manchester City tó tẹ̀lé wọn ní 64, ìdíje kan ṣoṣo ló sì kù sí City lọ́wọ́ ju tiwọn lọ. Ọdún 2004 ni Arsenal ti gba ife yìí kẹ́yìn nígbà náà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìdùnnú ọdún 19 ni àwọn èèyàn yìí tọ́jú pamọ́, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á tú u sí. Oníṣòwò wo ni kò ní rí owó níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta jẹ́sì ní Ọ̀fà Garage, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájì, ni mo lọ bá. Èmi ni mo mú àbá náà wá, kì í ṣe òun ló tì mí. Mo ní ká tẹ tíṣáàtì ìṣẹ́gun sílẹ̀, kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí Arsenal bá gba ife, tiwa ló máa kọ́kọ́ jáde. Ó wò mí.

"Àbúrò, ra èyí tí kò ní àkọlé. Má tẹ nǹkan kan sí i."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí kò ní àkọlé ló wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó ní òun á bá mi fi kọ́ sí ìsọ̀ òun, ṣùgbọ́n òun kò ní fi kọ́bọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Túsìdeé, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, mo ra tíṣáàtì 60. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,800 náírà, títẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 500. Owó mọ́tò tí mo fi gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ jẹ́ 2,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 140,000 náírà. Mo fẹ́ tà á ní 3,500, kí n lè rí 210,000, kí èrè jẹ́ 70,000. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi ṣe é, àjọ tí mo ń dá láti fi san owó ilé ní oṣù kẹfà. Mo rò ó pé kó tó di oṣù kẹfà, owó ilé á ti pé, èrè á sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ta 9. Mo wá ń wo ara mi bí ẹni tó gbọ́n ju Àlájì lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Arsenal lọ sọ́dọ̀ Liverpool, wọ́n gbá góòlù 2 wọlé kí Liverpool tó jí. Kó tó parí, ó ti di 2 sí 2. Àwọn èèyàn ní kò burú, Liverpool ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ 16, wọ́n tún gbá góòlù 2 sílé West Ham láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́. Saka wá gbá pẹnáritì síta, ó tún di 2 sí 2. Oṣù Ramadan ni. Mo rántí pé a jáde ní ilé ìwòran lọ ṣínu, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ti ẹ̀kẹta, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21. Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ bí ìlú yìí ṣe ń rí lọ́jọ́ ọdún. Gbogbo ọmọ ló wọ aṣọ tuntun, owó wà lápò, àwọn ọ̀dọ́ tó ti Èkó àti Abùjá wálé kún ìta. Southampton tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú líìgì ni Arsenal fẹ́ gbá lálẹ́ ọjọ́ náà, nílé ara wọn. Mo kó tíṣáàtì lọ síwájú ilé ìwòran. Ìṣẹ́jú kìíní kò tíì pé tí Southampton fi gbá tiwọn wọlé. Theo Walcott, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal tẹ́lẹ̀, ló gbá ìkejì wọlé. Arsenal sáré títí, ó di 3 sí 3 ní ìparí. N kò ta ẹyọ kan lálẹ́ ọdún, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní owó lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì ọdún ni oníṣòwò kan tó ń kó ọjà lọ sí Òmù-Àrán dé ìsọ̀ Àlájì. Ó ní òun á kó 51 tó kù, 2,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. 51 ní 2,000 jẹ́ 102,000. Bí a bá fi 31,500 tí mo ti rí lórí 9 àkọ́kọ́ kún un, ó di 133,500. Àdánù mi ì bá jẹ́ 6,500 náírà péré, owó ilé mi ì bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Mo kọ̀. Mo ní Arsenal ṣì ń léwájú, àbí wọn kò léwájú ni? Òótọ́ ni, wọ́n ṣì ń léwájú lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tí mo ń rò nígbà yẹn ni 3,500. N kò rántí pé 2,300 ni mo fi ṣe é.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ 26, Manchester City fi 4 sí 1 nà wọ́n. Ní oṣù karùn-ún, Arsenal na Chelsea, wọ́n na Newcastle, ara mi sì yá díẹ̀. Lọ́jọ́ 14, Brighton lọ bá wọn nílé, ó gbá 3 sí òdo fún wọn.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, ni n kò lè gbàgbé. Arsenal gbọ́dọ̀ na Nottingham Forest, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ife ti di ti City. Ní ìṣẹ́jú 19, ọmọkùnrin kan ta bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Arsenal, òun nìkan sì ni góòlù tó wọlé títí ìdíje fi parí. Táíwò Awóníyì ni orúkọ rẹ̀. Ìlọrin níbí ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1997. Ó wà nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2013, Liverpool rà á ní 2015, ó sì rìn káàkiri Yúróòpù kó tó dé Forest ní 2022. Láàárín ìdíje 4 tó kẹ́yìn lọ́dún yẹn, góòlù 6 ló gbá wọlé. Góòlù tọjọ́ náà ló jẹ́ kí Forest dúró nínú líìgì, òun náà ló sì fi ife lé City lọ́wọ́.

Kí ló yẹ kí èèyàn ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ní ilé ìwòran, àwọn kan pariwo pé ọmọ wa ni, àwọn kan di orí mú. Awakọ̀ kan ń jó, jẹ́sì Arsenal ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi ò mọ èyí tí mo lè ṣe. Ọmọ ìlú mi ló ṣe àṣeyọrí, owó ilé mi ló sì bá a lọ.

Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni wọ́n gbá ti ìkẹyìn. Arsenal na Wolves ní 5 sí òdo, àga ṣófo ní ilé ìwòran. Wọ́n ní 84 póìǹtì, City ní 89. Ọjọ́ 248 ni Arsenal fi wà lókè líìgì ní sáà náà, kò sì sí ẹgbẹ́ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè rí nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gba ife. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 29, Ààrẹ Tinúbú gba ìjọba, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹntiróò tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 500. Owó mọ́tò gbéra, oúnjẹ gbéra. Tíṣáàtì mi nìkan ni owó rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ọjà ìyàwó mi ni mo fi ọwọ́ kàn kí n tó rí owó ilé san, ó sì pẹ́ kó tó dárí jì mí.

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù lè ní Arsenal kò ṣe dáadáa. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Leicester fi 81 gba ife yìí ní 2016. 84 tí Arsenal ní ju ìyẹn lọ. William Saliba tó ń dí ẹ̀yìn fún wọn fara pa lọ́jọ́ 16 oṣù kẹta, òun àti Tomiyasu, ọmọ ilẹ̀ Japan, nínú ìdíje kan náà, ẹ̀yìn wọn sì di ahoro. Ṣùgbọ́n City tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sáré jù wọ́n lọ. Ìwọ tí o ń ta tíṣáàtì kò ní ọwọ́ kankan nínú ẹsẹ̀ ẹni tó fara pa, o kò sì ní ọwọ́ nínú eré tí ẹni ẹ̀yìn ń sá.

Orúkọ Tomiyasu yìí ló gbé mi dé Japan. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ tutù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Mo rí àwọn tó jù mí lọ fíìfíì.

Eré tí wọ́n ń pè ní baseball ni àwọn ará Japan fẹ́ràn bí àwa ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti ṣe rounders nílé ẹ̀kọ́ rí á tètè lóye rẹ̀: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn á fi igi gbá a, á sì sá yí ká. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Hanshin Tigers, tí àwọn ará ìlú Osaka àti agbègbè rẹ̀ fẹ́ràn dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀sìn. Pápá wọn, Koshien, ti wà láti ọdún 1924. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń du ipò ni Yomiuri Giants, tó wà ní Tokyo.

Ìdíje 144 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní sáà ọdún 2008. Ní oṣù keje, Hanshin ti fi ìdíje 13 ṣíwájú Yomiuri. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe tó, bí Hanshin bá pàdánù nígbà 13 léraléra, tí Yomiuri sì borí nígbà 13 léraléra, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba. Ta ló máa rò pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀? Ní oṣù kẹjọ, ìdíje Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Beijing. Orílẹ̀-èdè mú Fujikawa tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Hanshin, ó mú Yano, ó mú Arai. Arai padà wálé pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn tó sán. Ní oṣù kẹsàn-án, Yomiuri borí nínú ìdíje 12 léraléra. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá, Yomiuri gba líìgì. Ìgbà 84 ni wọ́n borí ní sáà náà, Hanshin borí nígbà 82. Okada tó jẹ́ olùkọ́ Hanshin kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín, tí mo sì fẹ́ sunkún, ni ti ìwé kan. Ní oṣù kẹsàn-án yẹn, nígbà tí Hanshin ṣì ń léwájú, iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Nikkan Sports gbé ìwé àkànṣe jáde nípa wọn. Èdè àdúgbò Osaka ni wọ́n fi kọ àkọlé rẹ̀, "V yanen! Tigers", bí ẹni pé "Ìṣẹ́gun ti dé o, Tigers!" V ni wọ́n fi ń pe ìṣẹ́gun níbẹ̀. Ìwé náà dé ọjà tán, Hanshin já wálẹ̀. Títí di òní, bí àwọn ará Japan bá fẹ́ fi ẹni tó yọ̀ ṣáájú àsìkò ṣẹ̀fẹ̀, ìwé yẹn ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Iléeṣẹ́ ńlá tó mọ eré náà ju ẹnikẹ́ni lọ nìyẹn o. Nígbà tí mo ka èyí, mo wo báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní a pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí kò ṣòfò. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ni Hanshin Tigers. Ọkọ̀ ojú irin yìí ló ń gbé èrò lọ sí pápá Koshien, òun náà ló ń gbé wọn padà. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí á san owó ọkọ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù náà kò ní fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ilé ìtajà ńlá tó ń jẹ́ orúkọ Hanshin náà wà ní àárín Osaka. Bí wọ́n bá ta fìlà tó ní àwòrán ẹkùn, wọ́n á tún tà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹkùn kì í jó rẹ̀yìn. Ọdún tí wọ́n bá kọ sára rẹ̀ ló ń kú.

Ṣé ẹ wá rí i pé irú iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yẹn wà ní Ọ̀fà Garage? Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́nu ilé ìwòran ni. Kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú Arsenal. Ohun tó ń wò ni iye àga tó kún. Bí ó bá jẹ́ City àti Arsenal, á se ìkòkò 2. Bí ó bá jẹ́ Wolves, á se ààbọ̀. Àárọ̀ ló ra ẹ̀pà, alẹ́ ló tà á tán, owó rẹ̀ kì í sùn síta. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Arsenal fi ń ṣubú, ọjà tirẹ̀ ń tà sí i ni, nítorí pé ẹ̀rù ń kó èèyàn wá ju ìdùnnú lọ. Ìgbà tí ìrètí tán pátápátá ni èrò dínkù, ó sì rí i kíákíá nínú ìkòkò rẹ̀. Èmi ń fi ọgbọ́n orí ṣe tèmi, mo jókòó tì í ní oṣù méjì, n kò bi í ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ Okada kò parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ náà fún sáà ọdún 2023, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa dárúkọ ife. "Are" ló ń pè é, tó túmọ̀ sí "nǹkan yẹn" ní èdè wọn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá kò ní bá a jà, àwa tí a kì í pe ejò lórúkọ lóru, tí a ń pè é ní okùn. Ẹgbẹ́ náà sì fi A.R.E. ṣe àkọlé ọdún náà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n gba líìgì, wọ́n sì tún gba ife gbogbo Japan, èyí tí wọn kò gbà mọ́ láti 1985. Ọ̀rọ̀ "are" gbayì dé ibi pé wọ́n yàn án ní ọ̀rọ̀ tó gbayì jù ní Japan lọ́dún náà. Fujikawa tó wà nínú ìjákulẹ̀ 2008 ló wá di olùkọ́ ẹgbẹ́ náà, òun náà sì gba líìgì ní 2025.

Oníṣòwò ni èmi, ohun tí mo rí nínú "are" yàtọ̀ sí ti àwọn aláròyé eré ìdárayá. Ẹ̀wù tí wọ́n bá kọ A.R.E. sí ṣeé tà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ó ṣeé tà ní àárín rẹ̀, bí wọ́n bá sì pàdánù, ẹni tó rà á ṣì lè wọ̀ ọ́ láì kó ìtìjú bá ara rẹ̀. Ohun kan náà ni Àlájì sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ Àlájì báyìí, jẹ́sì tí kò ní orúkọ ló kọ́ síta. Ẹ̀rọ tó ń fi iná tẹ orúkọ wà lórí tábìlì. Ìgbà tí oníbàárà bá ti yọ owó ló ń bi í pé orúkọ ta ni kí òun tẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti ìṣẹ́gun, á gba ìdajì owó lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, á ní kó lọ máa gbàdúrà. Bí ẹgbẹ́ náà bá pàdánù, jẹ́sì ni oníbàárà máa gbà dípò rẹ̀. Ewu náà ti kúrò lọ́rùn Àlájì, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà. N kò sọ pé ọ̀nà yìí kò ní ìṣòro o. Ẹni tó bá ti tẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ló máa ta ní alẹ́ ọjọ́ ìṣẹ́gun, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹ̀dínwó. Èyí tí a tẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò ní mú owó bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n mo ti rí iye tí ìyàtọ̀ yẹn ń ná èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹni tó bá fẹ́ bínú lè bínú. Ọ̀pọ̀ wa níbí kì í ta tẹ́tẹ́ nítorí ẹ̀sìn, a sì máa ń bú àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀. Tíṣáàtì 60 tí mo tẹ̀ yẹn, kí ló fi yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́? Onítẹ́tẹ́ gan-an sàn jù mí lọ, nítorí pé bó bá ti pàdánù, á mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo, á sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ní 2025, nígbà tí Kwara United wọ àṣekágbá President Federation Cup, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi pé ká tẹ aṣọ. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti gba ife náà ni. Ó ní wọ́n á gbà á. Mo ní kó jókòó. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹfà, l'Ékòó, àwọn àti Abakaliki FC gbá a dé pẹnáritì, àyà gbogbo wa sì ń já. Kwara United gba ife náà, èyí tí wọn kò gbà rí. Ọjọ́ kejì ni mo tó fi owó ránṣẹ́ fún 20 péré. Ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èrè ibẹ̀ kò tó nǹkan, n kò sì rí ẹyọ kan gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti tíṣáàtì 2023, mẹkáníìkì kan ní Ọ̀fà Garage ló kó 10 lọ́wọ́ mi, 500 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́. Owó tí mo rí lórí gbogbo ọjà náà wá jẹ́ 36,500 nínú 140,000. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà fi tirẹ̀ nu ọwọ́ níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, epo dúdú bo "Champions", 2023 nìkan ló kù tó ṣeé kà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì kù nílé? Èyí ti gbó." Mo ní 41 ló kù.

Ó ní tí n bá lè fi í ní 300, òun á mú 5.